Nígbà Tí Ìrora Bá Dákẹ́: Iṣẹ́ Síkáànù Tí Mo Ṣe ní Ìkòsí

Yàrá tí mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi kò ní fèrèsé. Ó ti ní fèrèsé rí, ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀ ni ọ̀gá mi ti fi búlọ́ọ̀kù dí i pa, nítorí ìmọ́lẹ̀ kì í jẹ́ kí ojú ẹ̀rọ síkáànù hàn dáadáa. Bí o bá ti wọlé tí o sì ti ilẹ̀kùn, o kò ní mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀ ní Ìkòsí tàbí oòrùn ń ràn. Ìró ẹ̀rọ ni wàá máa gbọ́, àti èémí ẹni tó dùbúlẹ̀ síwájú rẹ. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó máa ń wá bá mi pé àwọn fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, owó ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Mo máa ń sọ fún wọn pé owó rẹ̀ kò jẹ́ kí ebi pa mí, kò sì sọ mí di olówó. Lẹ́yìn náà ni mo máa bi wọ́n bóyá wọ́n lè jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í padà wá, mi ò sì bínú sí wọn.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Mo ti kàwé díẹ̀ nípa ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara kí n tó dé Èkó, mo sì rò pé mo mọ nǹkan. Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti gbogbo ayé ni mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, Mummy Ṣówùnmí. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ra ẹ̀rọ síkáànù kan tó ga tó fìríìjì, wọ́n sì háyà ìsàlẹ̀ ilé alájà kan lẹ́yìn ọjà èso, níbi tí òórùn ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti ń rà kì í ti í tán. Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé ni wọ́n. A máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé wọ́n lè mu gààrì láìfi ṣúgà sí i, kí epo jẹnẹrétọ̀ má bàa tán. Wọ́n máa ń gbọ́, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín.

Fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Wọ́n á bu ògì tútù sínú ọ̀rá, wọ́n á ki ìdérí báírò bọ inú rẹ̀, wọ́n á so ó, wọ́n á wá pa iná. Iṣẹ́ mi ni láti fi ìka wá ìdérí náà kàn láìjẹ́ kí ọ̀rá bẹ́. Bó bá bẹ́, èmi ni màá nu ilẹ̀, èmi náà ni màá lọ ra ògì mìíràn. Ògì tí mo dà sílẹ̀ ní yàrá yẹn ju èyí tí mo ti mu láyé mi lọ. Mo sunkún lọ́jọ́ kan, Mummy sì ní kí n máa sunkún lọ kí n ṣáà máa wá ìdérí, pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ìgbà tó yá ni mo mọ ìdí rẹ̀. Ìfun kékeré kan wà nísàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún tí àwọn dókítà ń pè ní apẹ́ńdísì. Kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ìka lọ. Àwọn ìfun yòókù ní ibi tí wọ́n ń lọ, oúnjẹ ń gba inú wọn kọjá, ṣùgbọ́n apẹ́ńdísì kò lọ síbì kankan. Bí ọ̀nà tó parí sẹ́yìn ilé onílé ló rí. Bí nǹkan bá dí i, ó máa wú, ó máa kẹ̀, bí wọn kò bá sì tètè gé e kúrò, ó máa bẹ́, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á sì tú sí gbogbo ikùn. Láàárín gbogbo ìfun tó lọ́ mọ́ ara wọn nínú ikùn, ìka kékeré yìí lo máa wá rí.

Mummy kọ́ mi pé kí n máa fi ọwọ́ ẹ̀rọ, èyí tí a ń gbé lé ara aláìsàn, tẹ ikùn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ti ń sùn. Afẹ́fẹ́ á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìfun tó yè á tẹ̀ pẹlẹbẹ lábẹ́ ọwọ́ rẹ, wàá sì máa rí i lójú ẹ̀rọ bó ṣe ń rìn, tó ń fún, tó ń tú. Èyí tí kò tẹ̀, tí kò rìn, tó dúró bí òrùka nínú òrùka, òun ni. Ẹni tó bá farabalẹ̀ tú eèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Òwe yẹn ni wọ́n fi ń kí mi káàárọ̀.

Wọ́n ní òfin mìíràn tó yé mi díẹ̀díẹ̀. Aláìsàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibi tó ń dùn ún, kì í ṣe gbogbo àtẹ́lẹwọ́. Ojú aláìsàn ni kí n kọ́kọ́ wò kí n tó wo ojú ẹ̀rọ, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú tèmi kò sì gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan. Bí mo bá rí ikú níbẹ̀, kí n nu jẹ́lì tí a fi ń pa ikùn kúrò lára ènìyàn náà kí n sì kí i pé ó kú ìrọ́jú. Èèwọ̀ ni kí n yí ojú ẹ̀rọ sí aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún obìnrin olóyún kan tó fẹ́ rí ọmọ rẹ̀, Mummy sì fi ọwọ́ ẹ̀rọ gbá mi léjìká níwájú rẹ̀.

Àjálù tí mi ò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Bàbá Ràṣídì ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, ó ń ta irin àlòkù ní Owódé Onírin. Àbúrò rẹ̀ ló gbé e wá. Ó ká kò, ó ń làágùn, ó sì ń kérora bí ẹni tí wọ́n di ẹrù lé lórí. Ó ti mu àgbo jẹ̀dí títí ó fi sú u. Mummy ní kó fi ìka kan tọ́ka síbẹ̀, ìka náà sì lọ tààrà sí apá ọ̀tún nísàlẹ̀. Wọ́n fi jẹ́lì sí i, wọ́n gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé e, àwòrán kò sì tíì fara hàn tán tí iná fi lọ.

Ẹ̀rọ dákẹ́, fáànù dákẹ́. Ọkùnrin tó ń bá wa tan jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́yìn ilé, a sì ń gbọ́ bó ṣe ń fa okùn rẹ̀ tí kò dáhùn. Mi ò rí ọwọ́ ara mi. Bàbá Ràṣídì ń kérora nínú òkùnkùn náà, lẹ́yìn náà, kò kérora mọ́. Kì í ṣe pé ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dúró ni. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo na ọwọ́ wá ògiri.

“Bàbá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?” Mummy ló bèèrè.

“Mo wà ńbẹ̀.” Ohùn ẹni tí ara tù ni. “Ó ti lọ.”

“Kí ló lọ?”

“Ìrora náà. Àfi bíi pé ẹnì kan ṣílẹ̀kùn fún un.”

A gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì ń dún bó ṣe ń dìde. Nígbà tí iná dé, ó ti wọ bùbá rẹ̀, jẹ́lì ti rin aṣọ náà mọ́ ọn lára, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí wa. Mummy di apá aṣọ rẹ̀ mú. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó dùbúlẹ̀ padà, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé bí kò bá lè dúró, kó máa lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ kírun, pé Ọlọ́run ti gbọ́ tòun. Àbúrò rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Mummy tẹ̀ lé wọn dé etí títì láìwọ bàtà, ọkùnrin náà sì dúró ra ọsàn níbẹ̀ kó tó lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni àbúrò náà padà wá. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun jẹun dáadáa, ó sùn, ó jí, lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbóná, ó ń gbọ̀n, ó sì kú kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kò wá bá wa jà. Ohun tó wá bèèrè ni ohun tó jáde lára ẹ̀gbọ́n òun nínú òkùnkùn yẹn. Mummy ṣàlàyé fún un pé kò sí ohun tó jáde. Ìfun tó wú náà ló bẹ́, bó bá sì bẹ́, ohun tó ń fún un máa tú, ìrora á sinmi fún ìgbà díẹ̀, oró á sì máa tàn kálẹ̀ nínú ikùn. Ọkùnrin náà mi orí pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò gbà. Kó tó jáde, ó yọjú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lẹ́yìn tó lọ, Mummy pa ẹ̀rọ, wọ́n pa iná, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ nìkan títí ọjà fi tú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sọ fún mi pé ẹni tó ń ké, kí n jẹ́ kó ké. Ẹni tó ké tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́ láìsí ẹni tó tọ́jú rẹ̀, òun ni kí n sáré fún. Láti ìgbà náà, bí iná bá lọ tí ẹnì kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń bá a sọ̀rọ̀. Màá bi í ní ọ̀nà ibi tó ń gbé, iye ọmọ tó bí, ohun tó jẹ sùn, ohunkóhun tó bá lè mú kó máa dá mi lóhùn. Àwọn kan rò pé aláròyé ni mí.

Ẹ̀rọ yí padà lójú mi. Ti àkọ́kọ́, bọ́tìnnì rẹ̀ pọ̀ bí ohun èlò awakọ̀ òfurufú, àwòrán rẹ̀ sì dà bí tẹlifíṣọ̀n tí òjò ń rọ̀ sí nínú. Bébà tó ń tẹ àwòrán náà sí kò fẹ́ ooru. Bí o bá gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ nínú oòrùn, gbogbo rẹ̀ á dúdú, ikùn ènìyàn á sì pòórá kúrò nínú rẹ̀. Tòkunbọ̀ la tún rà tẹ̀ lé e, èyí tó ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn ní àwọ̀ pupa àti búlúù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí apẹ́ńdísì tó ń jó pupa fòò nínú òkùnkùn bí ẹyin iná, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ṣeé gbé bí àpò dé. Ẹ̀rọ ń kéré sí i, ojú Mummy sì ń ṣú sí i. Wọn kò sọ fún mi. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé ikùn ẹnì kan tí wọ́n sì rọra bi mí pé kí ni mo rí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe pé wọ́n ń dán mi wò mọ́. Wọ́n padà sí Ìjẹ̀bú lọ́dún náà, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Àwọn ará Ìkòsí bẹ̀rẹ̀ sí pè mí ní Aunty Síkáànù.

Èmi nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ìbejì náà dé. Ìgbà òjò ni, ọ̀sán ti pọ́n. Kí wọ́n tó wọlé ni mo ti ń gbọ́ igbe láti ìta. Ìyá wọn ló ṣíwájú, Ìyá Ìbejì, obìnrin tó ń ta àlùbọ́sà ní Mile 12, mo mọ̀ ọ́n lójú tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì wọ ankara kan náà, wọ́n ti dàgbà dáadáa, àwọn náà ti ń bá ìyá wọn tajà. Kẹ́hìndé ló ń ké, ó fọwọ́ di apá ọ̀tún ikùn rẹ̀ mú, ó tẹ̀ síwájú. Táíwò ló gbé báàgì gbogbo wọn àti agbòjò lọ́wọ́. Ó kí mi dáadáa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì.

Ìyá Ìbejì rò fún mi. Ó ní Táíwò ni nǹkan náà kọ́kọ́ mú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdodo, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, ó ń bì, kò lè jẹun. Wọ́n fún un lágbo, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní kẹ́mísìtì, kò gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, bí wọ́n ṣe ń palẹ̀ mọ́ láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó kàn dìde pé kò dun òun mọ́. Wọ́n ti ń múra ọjà padà kí Kẹ́hìndé tó figbe ta, ibi kan náà ló sì dì mú.

“Ẹ ṣáà mọ bí ọ̀rọ̀ ìbejì ṣe rí, Aunty,” ó ní. “Ó ti kúrò lára Táíwò, ó bọ́ sára ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Gbogbo láìnì wa lọ́jà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo Kẹ́hìndé.”

Mo gbé Kẹ́hìndé sórí bẹ́ẹ̀dì, mo pa iná. Ó fi ìka kan tọ́ka síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìfun rẹ̀ ń rìn, wọ́n ń tẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, mo rí apẹ́ńdísì rẹ̀ pẹ̀lú, ó tẹ̀ pẹlẹbẹ, kò ní wàhálà kankan. Mo tún un wò. Inú rẹ̀ mọ́ bí inú ọmọ tuntun. Síbẹ̀ òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ó ń jẹ ètè, kò sì dà bí ẹni tó ń ṣeré.

Nígbà náà ni mo gbójú sókè wo Táíwò lórí bẹ́ńṣì. Ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ ló ń tàn sí i lójú. Ó jókòó ṣánṣán, agbòjò wà lórí itan rẹ̀, ó ń wo ògiri bí ẹni tó ń fetí sí nǹkan lódì kejì. Ikùn rẹ̀ kò gbéra bó ṣe ń mí, òkè àyà nìkan ló ń gbéra. Mo ní kó bá mi wúkọ́, nítorí ikọ́ máa ń ta ikùn tó bá ń dunni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ ó ní òun kò fẹ́. Mo dìde lọ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà sì tutù, ó sì ń rin. Mo ní kó bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá rẹ̀ dìde. “Rárá o, Aunty. Ó ti bọ́ lára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún lọ ń wá a kiri nínú ikùn ẹ̀, ẹ máa pè é padà wá ni. Ṣé kí méjèèjì wá kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni?”

Mo bá a sọ̀rọ̀ títí. Mo sọ ti Bàbá Ràṣídì fún un. Ó gbọ́, ó sì bá ọkùnrin náà kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ó ní ọkùnrin náà kì í ṣe ìbejì, kò ní ẹni tí nǹkan náà lè bọ́ sí lára, ìdí nìyẹn tó fi pa á. Mi ò bá a wí. Obìnrin yìí nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ọ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí a ṣe ń jiyàn, oró ń tàn kálẹ̀ nínú ọmọbìnrin tó jókòó tó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Bó bá jáde nílẹ̀kùn yẹn, ó ti lọ nìyẹn.

Kẹ́hìndé ló dá sí i láti orí bẹ́ẹ̀dì. “Màámi, tí Táíwò ò bá gun bẹ́ẹ̀dì yìí, mi ò ní sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.”

Ó sún mọ́ ògiri, ó ya àyè sílẹ̀. Ìyá wọn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Táíwò gbé báàgì kalẹ̀, ó sì fa ara rẹ̀ gun bẹ́ẹ̀dì bí arúgbó. Bẹ́ẹ̀dì náà kéré, èjìká wọn wọnú ara wọn. Kẹ́hìndé kọjú sí ògiri, ó kẹ̀yìn sí wa. Mo fi jẹ́lì sí ikùn Táíwò. Ó le gbagidi bí pákó. Mo rọra tẹ̀ ẹ́.

Táíwò kò mira. Kẹ́hìndé ló ké.

Mo gbé ọwọ́ kúrò lójijì. Kẹ́hìndé tún ké, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé nígbà tí a bá gbé ọwọ́ kúrò ni irú ikùn bẹ́ẹ̀ máa ń dun ènìyàn jù. Kẹ́hìndé kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ògiri ló ń wò, kò sì rí ọwọ́ mi. Mo fẹ́ ju ọwọ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ kí n sá jáde, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì ní, “Ẹ ò rí i? Ara Kẹ́hìndé ló wà.”

Mo wo ojú ẹ̀rọ. Omi wà níbi tí kò yẹ kí omi wà, ó dúdú, ó yí àwọn ìfun ká. Mo rí òrùka náà, ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni pé kò sí ìfun kankan tó ń rìn. Gbogbo rẹ̀ dúró bí ọjà tí wọ́n tì. Mo dúró wò ó títí, mo ń retí kí ẹyọ kan mira.

Nígbà náà ni mo ṣe ohun tí Mummy Ṣówùnmí kà léèwọ̀. Mo yí ojú ẹ̀rọ sí ìyá wọn. Mo kọ́kọ́ gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé Kẹ́hìndé, mo ní kó wo bí inú rẹ̀ ṣe ń rìn, tó ń yí. Lẹ́yìn náà mo gbé e lé Táíwò. Obìnrin tí kò kàwé ìṣègùn rí, tó jẹ́ pé àlùbọ́sà nìkan ló mọ̀ ọ́n wò bóyá inú rẹ̀ ti rà, sún mọ́ ojú ẹ̀rọ náà, ó sì wò ó pẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ní, “Aunty, ṣé ó ti kú ni?”

Táíwò ló dá a lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì. “Mi ò tíì kú, Màámi.” Ohùn rẹ̀ jìnnà, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì.

A kò jiyàn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọkọ̀ tó ń bá Ìyá Ìbejì kó àlùbọ́sà ló gbé wọn wá, òun náà la wọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ̀ lé wọn, nítorí mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ fún àwọn dókítà pé èyí tó dákẹ́ ni kí wọ́n gbé, kí wọ́n má lọ gbé èyí tó ń ké. Òórùn àlùbọ́sà kún inú ọkọ̀ náà, gbogbo wa ń da omi lójú, a kò sì mọ ẹni tó ń sunkún gan-an. Kẹ́hìndé ń kérora láti Kétu. Táíwò fi orí lé e lẹ́sẹ̀, ó ń wo òrùlé ọkọ̀.

Ní Òjótà, Kẹ́hìndé dákẹ́.

Bí ti Bàbá Ràṣídì ló ṣe rí, kò lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá wọn yíjú wò ó, èmi náà yíjú wò ó. Mo rò pé ó ti parí, pé méjèèjì ni a máa gbé padà. Ibẹ̀ ni Táíwò ti ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ, ó di ikùn mú, ó sì figbe ta, igbe tí awakọ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà. Inú mi dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mi ò tíì gbọ́ igbe tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń ké bẹ́ẹ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn ńlá tí a ń lọ, kò sì sí dókítà tó bi wá léèrè ẹni tó ń ṣàìsàn. Wọ́n gbé e wọ tíátà, wọ́n yọ ìfun tó bẹ́ náà, wọ́n sì fọ ikùn rẹ̀. Wọ́n ní ká ní ilẹ̀ ṣú bá a nílé ni, àwọn ìbá má rí nǹkan kan ṣe sí i. Ó pẹ́ níbẹ̀, ó gbẹ bí igi, ṣùgbọ́n ó yè.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ojú tèmi náà sì ti ń ṣú. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ lọ kọ́ ọ, iṣẹ́ gidi ni, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀rọ tiyín á dára ju tèmi lọ, ó sì máa fi ìfun tó wú hàn yín kedere. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn ló máa fi hàn yín o. Mo ti bi dókítà tó gbọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ìbejì yẹn, ó ní ìfẹ́ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọkàn lè mú kí ara máa dun ènìyàn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kò sí nínú yàrá náà nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò.

Nígbà tí ara Táíwò ti le, wọ́n gbé àlùbọ́sà wá kí mi. Ìyá wọn àti Táíwò wà níta, wọ́n ń bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀. Mo pe Kẹ́hìndé sínú yàrá, mo bi í bóyá ó ń díbọ́n lọ́jọ́ náà ni.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní irọ́ ni òun fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Táíwò ní kò dun òun mọ́, gbogbo ilé ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n òun wo ojú rẹ̀, òun rí i pé ó ti ń lọ. Òun sọ ọ́, wọ́n ní kí òun má fẹnu burúkú sọ̀rọ̀. Òun mọ̀ pé wọn kì í gbé ọ̀kan nínú àwọn jáde kí wọ́n fi ìkejì sílẹ̀, ni òun bá di ikùn mú tí òun figbe ta. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, irọ́ náà ti di òótọ́, ó sì ń dun òun dé eegun.

Mo ní, “Kí wá ló ṣẹlẹ̀ ní Òjótà?”

Ó wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí a ti ń gbọ́ ẹ̀rín Táíwò.

“Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Aunty,” ó ní. “Mo kàn bá a gbé ìrora náà dé Òjótà ni. Ibẹ̀ ló ti ní kí n gbé e fún òun.”